Ìwé Agbọ́nmágbẹ tó wà nísàlẹ̀ àpótí: báńkì náà kò kú, orúkọ ló yí padà

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi láti Ìkẹ́nnẹ́ pé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìyá ìyá mi ta aṣọ ní ọjà Oyíngbò títí ogun Biafra fi parí. Lẹ́yìn tí wọ́n papò dà, a rí ìwé báńkì pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀ àpótí wọn. 'Agbonmagbe Bank Limited' ni wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀. Owó tó wà níbẹ̀ kẹ́yìn, ní 1962, jẹ́ pọ́n-ùn 14 àti ṣílè 6. Ẹ̀gbọ́n mi ní báńkì yẹn ti kógbá sílé tipẹ́, pé kí n sọ ìwé náà nù. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló ni báńkì yìí? Kí ló dé tí ìyá tí kò mọ̀wé gbé owó lọ síbẹ̀ nígbà tí èésú wà? Ṣé a sì lè gba owó náà?"

Ẹ má sọ ìwé náà nù o. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín sọ kò ṣàdéédéé wá, torí báńkì aláwọ̀ dúdú tó kógbá sílé láyé ìyá yín pọ̀ ju èyí tó dúró lọ. Ṣùgbọ́n Agbọ́nmágbẹ kò sí lára àwọn tó lọ. Ó wà ní títì lónìí, ẹ ti lè kọjá níwájú rẹ̀ láàárọ̀ yìí gan-an. Wema ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ èésú. Ìyá yín kò fi báńkì rọ́pò èésú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé wọ́n ń ṣe méjèèjì pọ̀ ni, bí ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà ṣe máa ń ṣe. Nínú èésú, ogún èèyàn á kó ara wọn jọ, kálukú á máa dá iye kan náà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù lóṣù, ẹnì kan á sì máa kó gbogbo rẹ̀ títí yóò fi kárí. Kò sí èlé, kò sí ìwé. Ìtìjú ló ń mú kí èèyàn san tirẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Trinidad, wọ́n ṣì ń dá a níbẹ̀ dòní, susu ni wọ́n ń pè é. Àjọ yàtọ̀ díẹ̀. Alájọ fúnra rẹ̀ ló ń yí ìsọ̀ ká lójoojúmọ́ láti gba owó, ní ìparí oṣù á kó owó fún olówó, á sì mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀. Alphaeus Taiwo Olunaike, tí gbogbo wa mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú, láàárín àwọn ọdún 1950 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Èkó, ìgbà kan náà tí ìyá yín ń tajà. Òun ni wọ́n ní orí rẹ̀ pé débi tó ta mọ́tò, tó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ kò ronú pé mọ́tò kò lè wọ àárín ìsọ̀.

Èésú kì í béèrè ọjọ́ tí owó ń wá ọ. Bí aṣọ tuntun bá dé sí ilé-ìtajà àwọn òyìnbó lónìí, tó sì jẹ́ pé ìwọ lo kàn ní ìkejìdínlógún, ojú lásán ni wàá fi wo ọjà náà. Àjọ náà ò ju oṣù kan lọ. Lẹ́yìn oṣù, owó ti padà sábẹ́ ẹní, níbi tí iná, olè àti ẹbí ti lè rí i. Owó tí èèyàn fẹ́ kó jọ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bóyá láti kọ́lé tàbí láti rán ọmọ lọ sí ìlú òyìnbó, nílò ibòmíràn.

Ibòmíràn wo? Bank of British West Africa ti wà ní Èkó láti 1894, Barclays náà sì tẹ̀ lé e. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ètò ìfowópamọ́ tirẹ̀. Gbogbo wọn ń gba owó wa. Ìjà tó wà nílẹ̀ ni pé bí oníṣòwò dúdú bá ní òun fẹ́ yá owó, wọ́n á bi í léèrè ohun ìdúró tí kò ní: ilé tó ní ìwé lábẹ́ òfin òyìnbó, tàbí onígbọ̀wọ́ tí wọ́n mọ̀. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ẹbí ni tiwa, kò sí ìwé kan lórí rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánónì ló ń rí owó yá. Owó tí aláwọ̀ dúdú kó síbẹ̀ ń ṣòwò fún ẹlòmíràn.

Ìbínú yìí ló bí báńkì tiwa. Èyí àkọ́kọ́, Industrial and Commercial Bank, dá sílẹ̀ ní 1929. Ó wó lọ́dún kejì. Ọkùnrin ará Gold Coast kan, Winifried Tete-Ansa, ló wà nídìí rẹ̀. Nigerian Mercantile Bank tẹ̀ lé e ní 1931, òun náà wó ní 1936. Ní 1933, Dókítà Akinọlá Májà, T. A. Doherty àti Hamzat Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀, èyí ló sì kọ́kọ́ dúró pẹ́. Ẹ fi orúkọ National Bank sọ́kàn, yóò tún pàdé ìwé ìyá yín níwájú.

Agbọ́nmágbẹ dé ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, 1945. Ogun Hitler ku ọjọ́ mẹ́fà kó parí ní Yúróòpù. Olóyè Mathew Adékọ̀yà Òkúpè, ọmọ Ìpẹ̀rú ní Rẹ́mọ, ló dá a sílẹ̀. Òun ni bàbá Doyin Okupe tí ẹ mọ̀ nínú ìṣèlú. Èbúté-Mẹ́ta ni ó fi ṣe olú ilé-iṣẹ́, kì í ṣe Marina níbi tí àwọn báńkì òyìnbó wà. Ẹ wo àyè tó wà láàárín Èbúté-Mẹ́ta àti Oyíngbò: ìyá tó ń tajà lọ́jà yẹn lè ti ìsọ̀ rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, kó kó owó sílẹ̀, kó sì padà kí ọjà tó dàrú. Ará Rẹ́mọ ló ni ín, èdè tí ìyá yín gbọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ náà wà fún irú wọn. Akọ̀wé á kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sínú rẹ̀, á fọwọ́ sí i, á lu òǹtẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ̀ka. Bí ó bá délé, ọmọ ilé-ìwé á ka ojú ewé náà sókè fún un.

Wàhálà tó tẹ̀ lé e ni mo rò pé ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Lásìkò yẹn, kò sí òfin kankan tó yà báńkì sọ́tọ̀ kúrò lára ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó bá lè forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀ lè kọ "Bank" sára pátákó. Ogun parí, owó kòkó lọ sókè, gbogbo ènìyàn fẹ́ dá báńkì sílẹ̀. Ìjọba amúnisìn rán G. D. Paton, òṣìṣẹ́ Bank of England, wá wo ọ̀rọ̀ náà ní 1948, àmọ́ ọdún 1952 ni òfin tó wáyé látinú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde. Òfin náà ní kí báńkì ọmọ ìlẹ̀ ní ó kéré tán pọ́n-ùn 12,500 owó ìdásílẹ̀ nílẹ̀, kí ti àjèjì ní 100,000, kí kálukú gba ìwé àṣẹ. Wọ́n fún àwọn tó ti wà tẹ́lẹ̀ ní ọdún mẹ́ta láti tún ara wọn ṣe. Àwọn tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn fẹ́ tì sá wọlé kí ó tó tì: ní 1951 àti 1952 nìkan, iye báńkì tuntun tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mẹ́wàá.

Ní òpin 1954, nínú báńkì ọmọ ìlẹ̀ 25 tó dìde, 21 ti lọ. Owó aláàárù, owó ìyá aláṣọ, owó àgbẹ̀ kòkó, gbogbo rẹ̀ bá a lọ. Kò sí ètò ìdójútòfò kankan fún ẹni tó fowó pamọ́, kò sì sí Báńkì Àpapọ̀ tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ há lè sá tọ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Keje, 1959 ni Báńkì Àpapọ̀ ṣílẹ̀kùn. Ohun tó pa wọn kò ṣòroó rí. Owó ìdásílẹ̀ wọn kéré, akọ̀wé tó mọ iṣẹ́ kò tó, owó tí aráàlú kó wá ni àwọn ọ̀gá fi ń yá ara wọn àti ọ̀rẹ́ wọn láìsí ohun ìdúró, owó sì ń bọ́ sínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti mọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó jèrè. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀sùn gbogbo rẹ̀ kan òyìnbó. Òyìnbó ṣe tirẹ̀, kò sí iyè méjì, ó kọ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ há. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó oníbàárà kọ́lé fún ara rẹ̀, òyìnbó kọ́ ló fọwọ́ rẹ̀ mú kálàmù.

National Bank, African Continental Bank ti Azikiwe àti Agbọ́nmágbẹ wà lára àwọn ìba tó yè. Méjì àkọ́kọ́ ní ìjọba ẹkùn lẹ́yìn. National Bank ní ti Ìwọ̀-Oòrùn, African Continental ní ti Ìlà-Oòrùn, àwọn méjèèjì sì jẹ ìyà rẹ̀ nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ ìwádìí dé: ti Foster-Sutton ní 1956 lórí Azikiwe, ti Adájọ́ Coker ní 1962 lórí owó ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Agbọ́nmágbẹ ni mo rí bí èyí tó yàtọ̀. Kò ní ìjọba lẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́. Ó kéré, olówó rẹ̀ jẹ́ ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọn, tí ojú yóò tì bí ó bá wó. Èrò tèmi nìyẹn, ẹlòmíràn lè sọ pé oríire ni.

Bí ó ti wù kó rí, orúkọ ẹnì kan kò lè gbé báńkì lọ jìnnà. Ní 1969, Marketing Board ti Ìwọ̀-Oòrùn gba Agbọ́nmágbẹ, wọ́n sì sọ ọ́ di Wema, orúkọ tí wọ́n gé láti ara "Western" àti "Marketing". Ibí yìí ni ó yẹ kí n dúró díẹ̀, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í sábà wọ inú ìtàn tí àwọn báńkì ń sọ nípa ara wọn.

Kí ni Marketing Board? Láti 1947 ni ìjọba ti dá ti kòkó sílẹ̀, ní 1954 ni wọ́n pín in fún ẹkùn. Àgbẹ̀ kò lè ta kòkó rẹ̀ fún ẹni tó wù ú lókè òkun. Àwọn aṣojú tí Board fún ní ìwé àṣẹ ló ń rà á, iye tí Board bá sì dá ni àgbẹ̀ ń gbà. Bí kòkó bá wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, Board kò san gbogbo owó ọ̀wọ́n náà fún àgbẹ̀. Ó ń fi ìyókù pamọ́, pé ọjọ́ tí ọjà bá rẹ̀ sílẹ̀, òun á fi gbé àgbẹ̀ ró. Ìfowópamọ́ nìyẹn náà, bí ẹ bá rò ó dáadáa, àfi pé ẹni tó ni owó kò ní ìwé lọ́wọ́, kò sì lè lọ síbi kankan láti gbà á. Owó yẹn ni ìjọba fi ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan rere, ó sì fi ṣe ọ̀pọ̀ ìṣèlú. Ó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́, ó ti báńkì lẹ́yìn, ó kọ́ ilé gíga. Nígbà tí àtìlẹ́yìn dé bá Agbọ́nmágbẹ, owó àgbẹ̀ kòkó ni àtìlẹ́yìn náà. Ìyá aláṣọ ní Oyíngbò tó kó pọ́n-ùn 14 pamọ́, àgbẹ̀ kan ní oko Òndó tàbí Ìbàdàn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló dúró fún un.

Àgbẹ̀ náà kò sì dúró lójú kan lọ́dún yẹn. Láti ìparí 1968 sí 1969 ni Àgbẹ́kọ̀yà gbé ogun ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lórí owó orí, Tàfá Adéoyè wà lára aṣáájú wọn, ìjọba Ọ̀gágun Adéyinká Adébáyọ̀ sì padà gé owó orí náà sí pọ́n-ùn 2. Èmi kì í rántí 1969 ti Wema láìrántí 1969 ti Àgbẹ́kọ̀yà.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e kò gbà mí lákòókò. Wọ́n pín Ìwọ̀-Oòrùn sí ìpínlẹ̀ mẹ́ta ní 1976, ìpín wọn nínú báńkì bọ́ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ Odù'a. Ní 1987 Wema di ilé-iṣẹ́ tí aráàlú lè ra ìpín nínú rẹ̀. Ọdún 2004 ni ọ̀rọ̀ tún gbóná. Ọ̀jọ̀gbọ́n Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀, ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan gbé owó ìdásílẹ̀ rẹ̀ láti bílíọ̀nù 2 sí bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí. Báńkì 89 di 25. National Bank, tí àìsàn ti ṣe láti àwọn ọdún 1990, kò lè dá rìn mọ́, ó sì wọ inú Wema. Bẹ́ẹ̀ ni báńkì ti Májà, Doherty àti Subair, àgbà tó fi ọdún 12 ju Agbọ́nmágbẹ lọ, tó sì ti ga jù ú lọ nígbà kan, ṣe wá di ara àbúrò. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín bá ní ìwé National Bank náà nísàlẹ̀ àpótí, ilẹ̀kùn kan náà ni kó kàn.

Wema fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ ní 2009. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ lábẹ́ Sanusi yẹ ìwé gbogbo báńkì wò, owó ìdásílẹ̀ rẹ̀ kò tó mọ́, wọ́n sì fún un ní àkókò láti wá a. Ìgbà tí ìwé àṣẹ tuntun dé, tó pín báńkì sí ti ẹkùn, ti orílẹ̀-èdè àti ti àgbáyé, ó gba ti ẹkùn, ó pa àwọn ẹ̀ka tó jìnnà tì. Àwọn kan rí i bí ìtìjú. Lójú tèmi, ìpinnu tó mọ́gbọ́n wá ni: ó padà sílé, ó kọ́kọ́ wo egbò rẹ̀ sàn, ní 2015 ó gba ìwé àṣẹ ti orílẹ̀-èdè padà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, 2017, ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an, ó gbé ALAT jáde, báńkì orí fóònù tí kò ní ìwé pẹlẹbẹ kankan.

Ó wá ku owó. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, 1973, Nàìjíríà kúrò lórí pọ́n-ùn, pọ́n-ùn kan di náírà 2, ṣílè kan di kọ́bọ̀ 10. Pọ́n-ùn 14 àti ṣílè 6 ìyá yín di náírà 28 àti kọ́bọ̀ 60. Ká ní a fi èlé ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lé e lọ́dọọdún láìjá, kó tún máa bí èlé lórí èlé fún ọdún 62, kò ní pé náírà 180. Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì torí n kò fẹ́ gbà á. Owó ọkọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ dé ẹ̀ka báńkì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Báńkì kọ́ ló jẹ ẹ́. Owó tí ìyá aláṣọ fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù kó jọ, náírà fúnra rẹ̀ ni kò níye mọ́.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ tọpa rẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni. NDIC, ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò owó báńkì tí òfin 1988 dá sílẹ̀, kò kàn yín nínú èyí, nítorí oníbàárà báńkì tó wó ni iṣẹ́ rẹ̀ wà fún, bẹ́ẹ̀ báńkì tiyín ò wó. Òfin tó kàn yín ni ti àkáǹtì tó sùn: lábẹ́ ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù Keje, 2024, owó àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́wàá yóò kúrò lọ́wọ́ báńkì lọ sí àpò kan ní Báńkì Àpapọ̀, olówó tàbí àrólé rẹ̀ sì lè béèrè fún un nígbàkigbà. Ẹ̀ka báńkì ni ẹ ó ti béèrè, ẹ má lọ sí Abuja. Wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti ilé ẹjọ́ gíga. Owó tí ẹ ó ná lórí ìwé ilé ẹjọ́ nìkan yóò gbé owó inú ìwé pẹlẹbẹ mì, nítorí náà, bí ìyá kò bá ní ogún mìíràn tí ẹ ń gba ìwé náà fún, n kò ní rọ̀ yín láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ nítorí náírà 28. Ó sì ṣeé ṣe kí àkáǹtì 1962 má wọ inú kọ̀ǹpútà rárá. Ìwé ọwọ́ yín lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù.

Kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀ kankan, ẹ ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, ẹ wò ó dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí rẹ̀, tàbí gé etí ìwé náà, tàbí lu òǹtẹ̀ "closed" sí i, ìyá ti gba owó wọn kúrò fúnra wọn, wọ́n sì tọ́jú ìwé náà fún ìdí tó yé wọn. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú rẹ̀, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé, pàápàá èyí tó ní nọ́ńbà àkáǹtì àti ìtẹ̀ka ìyá, kí ẹ tó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ báńkì kankan gbà á lọ́wọ́ yín.